Àwọn Tí Wọ́n Fò Kọjá Ọ̀pá: Láti White City dé Vancouver

Nínú ìwé tí wọ́n kọ orúkọ àwọn aborí eré sísá àti eré fífò ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sí, orúkọ Yorùbá kan wà ní abala ọdún 1947. Orúkọ náà ni Adégbóyèga Fọláranmí Adédoyin. Ọmọ ọba ni, Rẹ́mọ ni ilé baba rẹ̀, ẹ̀kọ́ ìṣègùn ni ó sì gbé e dé òkè òkun. Fífò sókè ni ó fi borí. Ọdún méje lẹ́yìn náà, ọ̀dọ́mọkùnrin mìíràn láti Nàìjíríà fò ní ìlú Vancouver ní ilẹ̀ Kánádà, ó sì di ọmọ adúláwọ̀ ilẹ̀ Áfíríkà àkọ́kọ́ tí ó gba wúrà nínú Ìdíje Ilẹ̀ Ọba Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn ènìyàn ṣì ń dárúkọ ẹni kejì yìí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé nítorí ọ̀ràn mìíràn ni. Ti ẹni àkọ́kọ́ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìgbàgbé ní ilẹ̀ tí ó bí i. Àlàfo tí ó wà láàárín àwọn méjèèjì ni ìtàn bí Nàìjíríà ṣe kọ́kọ́ fò lábẹ́ àsíá ẹlòmíràn, kí ó tó fò ní orúkọ ara rẹ̀.

Ìdíje tí Adédoyin ti borí kì í ṣe eré ọmọdé. Ẹgbẹ́ Amateur Athletic Association, tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí AAA, ni ó ń ṣe ètò rẹ̀. Ní oṣù kẹrin ọdún 1880 ni wọ́n dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀ ní ìlú Oxford. Ṣáájú ìgbà náà, àwọn ọmọ ọlọ́lá tí wọ́n jáde ní Yunifásítì ni wọ́n di eré sísá mú bí ohun ìní baba wọn. Òfin wọn kò gba oníṣẹ́ ọwọ́ àti alágbàṣe láyè láti bá wọn díje, bí ẹni pé ẹsẹ̀ tálákà kò lè sáré. AAA mú òfin yìí kúrò. Láti ìgbà náà ni ìdíje ọdọọdún wọn ti di ibi tí wọ́n ti ń mọ ẹni tí ó jẹ́ ọ̀gá nínú eré orí pápá ní gbogbo ilẹ̀ náà. Láti ọdún 1932 títí di 1970, pápá White City ní ìwọ̀ oòrùn Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n ti ń ṣe é, pápá kan náà tí wọ́n kọ́ fún Ìdíje Òlíńpíìkì ọdún 1908.

Ohun kan wà nínú ìṣe wọn tí ó ṣí ọ̀nà sílẹ̀ fún àwa ará ìhín: ìdíje náà kò ti ìlẹ̀kùn mọ́ àlejò. Ẹni tí ó bá borí ni wọ́n ń kọ sílẹ̀ ní aborí, ibi yòówù kí ó ti wá. Nípa bẹ́ẹ̀, lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, àwọn ọmọ ilẹ̀ tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ń ṣàkóso bẹ̀rẹ̀ sí í kó ipò kìn-ín-ní ní White City. Emmanuel McDonald Bailey láti Trinidad gba ti eré ọgọ́rùn-ún yáàdì ní ìgbà méje láàárín ọdún 1946 sí 1953. Arthur Wint láti Jàmáíkà gba ti yáàdì 440 ní ọdún 1946. Àárín irú àwọn ènìyàn báyìí ni ọmọ Rẹ́mọ náà ti yọ.

Ọdún 1942 ni Adédoyin dé Bìrìtéènì, nígbà tí ogun Hitler ń gbóná lọ́wọ́, tí ìrìn àjò lórí òkun kò sì fi ọkàn ẹnikẹ́ni balẹ̀. Yunifásítì Queen's ní Belfast ni ó wọ̀ láti kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn. Akárìgbò William Christopher Adédoyin, tí ó wà lórí ìtẹ́ Rẹ́mọ láti ọdún 1916 títí di 1952, ni baba rẹ̀. Ẹni tí ó ń kàwé láti di dókítà kò ní àkókò púpọ̀ fún eré, síbẹ̀ ọ̀dọ́mọkùnrin náà ń fò sókè, ó sì ń fò jìnnà, ó sì mọ méjèèjì ṣe. Nígbà tí ó gba ipò kìn-ín-ní nínú fífò sókè ní ọdún 1947, ó dájú pé wọn yóò wá a kàn nígbà tí Òlíńpíìkì bá dé Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e.

Wọ́n sì wá a kàn lóòótọ́. Ṣùgbọ́n aṣọ ta ni yóò wọ̀? Nàìjíríà kò ì tíì ní ìgbìmọ̀ Òlíńpíìkì nígbà náà. Ọdún 1951 ni a tó dá a sílẹ̀. Bí Adédoyin yóò bá fò ní Wembley, aṣọ Bìrìtéènì ni yóò fi fò. Òun náà ni ó sì wọ̀. Nínú fífò jìnnà, ó fò dé mítà 7.27, ó ṣe ipò karùn-ún ní gbogbo àgbáyé. Nínú fífò sókè, ó ṣe ipò kejìlá. John Winter ará Ọsirélíà ni ó gba wúrà. Ẹni tí ó bá ṣí ìwé àkọsílẹ̀ Òlíńpíìkì lónìí láti wá ọmọ Nàìjíríà ní ọdún 1948 kò ní rí ẹnì kan. Abẹ́ Bìrìtéènì ni ọmọ Akárìgbò wà. Irọ́ kọ́ ni ìwé náà pa, àsíá ni ó kà, kò ka orírun. Adédoyin fúnra rẹ̀ kò jẹ́ kí eré gba iṣẹ́ lọ́wọ́ òun: ó parí ẹ̀kọ́ rẹ̀, ó sì di oníṣègùn.

Kí òǹkàwé tó lè mọ iyì ohun tí àwọn ènìyàn wọ̀nyí ṣe, ó yẹ kí ó mọ bí wọ́n ṣe ń fò sókè láyé ìgbà náà. Ní òde òní, tìmùtìmù fóòmù tí ó ga dé ìbàdí ènìyàn ni wọ́n ń tẹ́ sí ẹ̀yìn ọ̀pá. Ẹni tí ó bá fò lè fi ẹ̀yìn lélẹ̀ láìbẹ̀rù, bí Dick Fosbury ará Amẹ́ríkà ṣe fi han ayé ní Mexico City ní ọdún 1968. Ní ayé Adédoyin, yanrìn ni, tàbí lẹ́búlẹ́bú pákó. Ẹni tí ó bá fi ẹ̀yìn tàbí ọrùn balẹ̀ níbẹ̀, ilé ìwòsàn ni yóò bá ara rẹ̀. Nítorí náà olùfò gbọ́dọ̀ ro bí yóò ṣe kọjá sókè, kí ó sì tún ro bí yóò ṣe balẹ̀. Àwọn kan a máa gbé ẹsẹ̀ kan ṣáájú èkejì lókè ọ̀pá, bí abẹ àlùmọ́gàjí tí ó ń ṣí tí ó sì ń pa dé. Àwọn mìíràn a máa yí ara dà ní ìhà kan, kí wọ́n lè fi ẹsẹ̀ àti ọwọ́ balẹ̀. Ilẹ̀ tí wọ́n ti ń sáré bọ̀ pàápàá kì í ṣe rọ́bà bí ti òde òní. Bí òjò bá rọ̀, ó di ẹrọ̀fọ̀. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi ìwọ̀n òde òní wo mítà méjì ti ayé ìgbà náà kí ó sì rẹ́rìn-ín.

Ọdún 1950 ni Nàìjíríà kọ́kọ́ lọ sí Ìdíje Ilẹ̀ Ọba ní orúkọ ara rẹ̀, ní ìlú Auckland ní New Zealand. Josiah Májẹ̀kódùnmí ni ó gba fàdákà nínú fífò sókè. Ẹni tí ó borí rẹ̀ ni John Winter kan náà tí ó gba wúrà ní Wembley. Fàdákà yẹn nìkan ni Nàìjíríà mú bọ̀ láti Auckland. Orúkọ olùfò náà bẹ ẹlẹ́dàá pé kí ó má jẹ̀ẹ́ kí ó dun òun. Bí ó bá sì dùn ún pé wúrà bọ́, ìwé àkọsílẹ̀ kò sọ fún wa.

Ní ọdún 1952, àwọn mẹ́sàn-án ni ó ṣojú Nàìjíríà nínú Òlíńpíìkì rẹ̀ àkọ́kọ́, ní Helsinki ní ilẹ̀ Finland. Eré orí pápá ni gbogbo wọn bá lọ, kò sì sí obìnrin kankan láàárín wọn. Àwọn ni Muslim Arógundádé, Edward Àjàdó, Titus Ẹrinlẹ̀, Rafiu Olúwa, Karim Olówu, Sylvanus Williams, Boniface Guobadia, Nafiu Osagie àti Májẹ̀kódùnmí tí a ti sọ̀rọ̀ rẹ̀. Wọn kò gba àmì ẹ̀yẹ kankan, ṣùgbọ́n Májẹ̀kódùnmí ṣe ipò kẹsàn-án nínú fífò sókè. Ọdún mẹ́rin péré ni ó wà láàárín Wembley àti Helsinki. Ní Wembley, ọmọ Rẹ́mọ kan dá wà nínú aṣọ àjèjì. Ní Helsinki, ọmọ Yorùbá, ọmọ Ẹdó àti àwọn mìíràn jọ tò sẹ́yìn orúkọ kan náà. Òmìnira ṣì ku ọdún mẹ́jọ.

Lẹ́yìn náà ni Vancouver dé, ní ọdún 1954. Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ayé rántí nípa ìdíje náà ni eré máìlì kan tí Roger Bannister àti John Landy sá. Fún ilẹ̀ Áfíríkà, orí pápá fífò sókè ni nǹkan ti ṣẹlẹ̀. Emmanuel Ifeajuna, ọ̀dọ́mọkùnrin tí kò tíì pé ogún ọdún tàbí tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń sún mọ́ ọn, ọmọ Onitsha, tí ó kàwé ní Dennis Memorial Grammar School, ni ó jáde. Bàtà ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ni ó wọ̀, ti ẹsẹ̀ òsì. Ẹsẹ̀ ọ̀tún wà ní òfìfo. Bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe fò kọjá ẹsẹ̀ bàtà 6 àti íǹṣì 8, èyí tí í ṣe mítà 2.03. Ẹnikẹ́ni kò tíì fò tó bẹ́ẹ̀ rí nínú Ìdíje Ilẹ̀ Ọba. Patrick Etolu ará Uganda gba fàdákà, Nafiu Osagie tiwa gba idẹ. Ẹni tí ó bá fi ojú inú wo ìdúró àwọn mẹ́ta yìí yóò rí ohun tí kò ṣẹlẹ̀ rí: àwọn adúláwọ̀ Áfíríkà ni wọ́n kún orí àpótí ẹ̀yẹ láti òkè dé ìsàlẹ̀, nínú ìdíje tí orúkọ rẹ̀ ń sọ̀rọ̀ ọba tí ó ń ṣàkóso wọn. Nínú eré ìfigi-lélẹ̀ yáàdì 110 lọ́nà mẹ́rin, Àjàdó, Arógundádé, Olówu àti Abdul Karim Amu tún gba fàdákà lẹ́yìn Kánádà.

Ìlú yọ̀. Wọ́n ya àwòrán Ifeajuna sí ẹ̀yìn ìwé tí àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ń kọ nǹkan sí. Ó wọ Yunifásítì Ibadan, ṣùgbọ́n kò tún bá ẹnikẹ́ni díje nínú fífò mọ́. Wúrà kan péré, ó sì tán. Ní ọdún 1960 ó wọ iṣẹ́ ológun.

Ohun tí ó kù nínú ìtàn rẹ̀ kì í ṣe ti pápá. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1966, ó wà lára àwọn ọ̀gá ológun tí wọ́n dìtẹ̀ gba ìjọba, tí wọ́n sì pa Abubakar Tafawa Balewa, olórí ìjọba, àti àwọn mìíràn. Ifeajuna ni ó darí apá ti Èkó. Ó sá lọ sí Gánà, ó padà, wọ́n fi í sí àhámọ́. Nígbà tí ogun abẹ́lé bẹ́ sílẹ̀, ó wà ní ìhà Biafra, ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n oṣù kẹsàn-án ọdún 1967 ni wọ́n sì yìnbọn pa á, lórí ẹ̀sùn pé ó dìtẹ̀ sí Ojukwu. Victor Banjọ, ọmọ Yorùbá tí ó kó ogun Biafra kọjá Odò Ọya, wà lára àwọn mẹ́ta tí wọ́n jọ kú lọ́jọ́ náà. Láti ìgbà náà ni ó ti ṣòro fún ọ̀pọ̀ ènìyàn láti dárúkọ aborí Vancouver láìgbọ́ ìró ìbọn. Ẹ̀jẹ̀ ọdún 1966 kò ṣeé fi wúrà ọdún 1954 fọ̀ nù. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá pa wúrà náà rẹ́ kúrò nínú ìtàn nítorí ẹ̀jẹ̀ yẹn ń pa orúkọ Osagie, ti Májẹ̀kódùnmí àti ti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn rẹ́ pẹ̀lú, bẹ́ẹ̀ ni wọn kò sì jẹ nínú ọ̀ràn náà.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 1966 kan náà, ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn ìdìtẹ̀ kejì tí ó tún tú Nàìjíríà ká, Ìdíje Ilẹ̀ Ọba bẹ̀rẹ̀ ní Kingston ní Jàmáíkà. Samuel Igun gba wúrà nínú eré ìfò onípele mẹ́ta, ó sì gba fàdákà nínú fífò sókè lẹ́yìn Lawrence Peckham ará Ọsirélíà. Violet Odogwu gba idẹ nínú fífò jìnnà ti obìnrin. Wúrà fífò sókè ti ọkùnrin kò tún bọ́ sí ọwọ́ ọmọ Nàìjíríà kankan títí di ìdíje Birmingham ní ọdún 2022.