Rọpárọsẹ̀ àti Ọkàn Aláìsàn ní Ìbàdàn

Rọpárọsẹ̀ ni Yorùbá ń pe àrùn tí ó máa ń kọlu ènìyàn nígbà tí ẹ̀jẹ̀ kò bá dé ibì kan nínú ọpọlọ mọ́, tàbí nígbà tí iṣan ẹ̀jẹ̀ bá bẹ́ níbẹ̀. Orúkọ náà dárúkọ apá, ó sì dárúkọ ẹsẹ̀. Kò dárúkọ ọkàn. Èrò mi ni pé ìtọ́jú àrùn yìí ní Ìbàdàn tọ ọ̀nà orúkọ rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, kí ó tó dé ọ̀dọ̀ ọkàn aláìsàn.

Ní 1957 ni a ṣí ilé ìwòsàn ńlá U.C.H. Ní 1966, Yunifásítì Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ àwọn tí ń fi ìdárayá tọ́jú ẹ̀yà ara tí ó rọ. Láti 1973 sí 1975, Ọ̀jọ̀gbọ́n B. O. Ọ̀ṣúntókun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ìwé ìforúkọsílẹ̀ àwọn tí àrùn náà kọlù ní ìlú Ìbàdàn. Wọ́n rí i pé ó ń mú nǹkan bí ènìyàn 26 nínú 100,000 lọ́dọọdún. Iṣẹ́ ńlá ni èyí, nítorí ọ̀pọ̀ oníṣègùn òkè òkun ti rò tẹ́lẹ̀ pé àrùn náà ṣọ̀wọ́n láàárín àwa aláwọ̀ dúdú. Ṣùgbọ́n iye aláìsàn ni irú ìwé bẹ́ẹ̀ lè sọ. Kò lè sọ bí ayé ṣe rí lójú wọn.

Ní àkókò yìí kan náà, ìlú ń yí padà. Ní 1958 ni ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn dá àjọ tí ń kọ́lé sílẹ̀, àjọ náà ni ó sì kọ́ àwọn ilé Bódìjà, fún ọkọ, aya àti ọmọ. Ní agbo ilé, ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ rọ a máa jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, tèwe tàgbà a máa kí i, wọn a sì máa gbé ẹjọ́ tọ̀ ọ́ wá. N kò sọ pé agbo ilé kò ní àléébù: níbẹ̀ náà ni wọ́n ti ń wá ẹni tí wọn yóò sọ pé ó fi àrùn ṣe é. Ṣùgbọ́n ní Bódìjà, bí a bá ti ti géètì, tí àwọn ọmọ sì ti lọ sí ibi iṣẹ́, ta ni yóò kí i?

Mo mọ bàbá kan níbẹ̀, olùkọ́ tí ó ti fẹ̀yìn tì. Ó wí fún mi pé, "Ọwọ́ yìí kọ́ ni ó dùn mí jù. Láti ọjọ́ tí mo ti ṣubú, kò sí ẹni tí ó tún bi mí ní ìmọ̀ràn. Wọn kàn ń bi mí bóyá mo ti jẹun ni."

Ìwádìí káàkiri àgbáyé fi hàn pé nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta àwọn tí ó yè ni ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn máa ń mú. Kì í ṣe ọ̀lẹ, kì í sì í ṣe àìnígbàgbọ́. Ọgbẹ́ inú ọpọlọ wà nínú rẹ̀. Ipò tí ènìyàn pàdánù náà wà nínú rẹ̀. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ bá sì ti rẹ̀wẹ̀sì kò ní fẹ́ ṣe ìdárayá tí yóò mú ẹsẹ̀ rẹ̀ le.

Lẹ́yìn 2000, Ọ̀jọ̀gbọ́n Máyọ̀wá Owólabí ti Ìbàdàn ṣe ìwé ìbéèrè tí ó bi aláìsàn nípa ara, ọkàn àti ẹ̀mí pọ̀. Wọ́n lò ó ní Ìbàdàn, wọ́n sì lò ó ní Berlin ní Jámánì. Ní ìlú méjèèjì, ara ni àrùn náà bà jẹ́ jù. Ohun ti ẹ̀mí kò bàjẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Ibi tí ó kù yìí ni ó yẹ kí a dì mú.

Ọ̀nà náà kò ṣàjèjì sí wa. Láti 1954 ni Dókítà Adéoyè Lámbò ti ń tọ́jú àwọn alárùn ọpọlọ ní Àró, ní Abẹ́òkúta, tí ó ń fi wọ́n sí àárín ará abúlé, tí ìbátan wọn sì wà lọ́dọ̀ wọn. Ẹ jẹ́ kí a mú aláìsàn wa lọ sí ilé ìwòsàn fún ìtọ́jú ìrẹ̀wẹ̀sì gẹ́gẹ́ bí a ti ń mú un lọ nítorí ẹsẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a sì máa bi í ní ìmọ̀ràn. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ titun wọ́. Òwe náà kò sọ pé dandan ni kí àgbà fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn dé ọjà.