Pákó Tútù, Owó Àsansílẹ̀

"Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í nini lára." Ẹnu àgbà tó ń parí ìjà tọkọtaya la ti sábà máa ń gbọ́ òwe yìí, ìlàjì àkọ́kọ́ ni wọ́n sì máa ń tẹnu mọ́. Ìlàjì kejì ló kan oníṣòwò. Ti àkọ́kọ́ ń gbani níyànjú, ti kejì ń ṣírò owó: ìkánjú ní gbèsè, gbèsè náà kì í sì í ṣàì rí ẹni tí yóò san án. N kò mọ iṣẹ́ ọwọ́ tí gbèsè yìí ti hàn sójú tó iṣẹ́ pákó, pàápàá láàárín àwọn káfíńtà oníṣọ́ọ̀bù kéékèèké tó wà láti Ìkòròdú títí dé Ẹ̀pẹ́.

Ẹ jẹ́ ká ti orí omi bẹ̀rẹ̀. Púpọ̀ nínú gẹdú tí Èkó ń lò, ọ̀sà ló ń gbà wá. Wọ́n á gé e nínú igbó Oǹdó, Ògùn tàbí Ẹdó, wọ́n á so ó pọ̀, wọ́n á sì fi ọkọ̀ fà á lórí omi kọjá Ẹ̀pẹ́ lọ sọ́dọ̀ àwọn onísọ́milì; ọjọ́ pẹ́ tó jẹ́ pé Òkò-Bàbá ní Èbúté Mẹ́ta ni wọ́n ń fà á lọ. Ó ti pẹ́ tí ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó ti ń sọ pé kí àwọn onísọ́milì Òkò-Bàbá kó lọ sí Àgbọ̀wá, níbi tí wọ́n kọ́ ibùdó pákó sí. Àgbọ̀wá yìí, àárín Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́ ló wà. Igbó ọba Omo ní Ìpínlẹ̀ Ògùn kò sì jìnnà sí wọn. Inú igbó yẹn ni wọ́n gbin igi kan tó ń jẹ́ gmelina sí lọ rẹpẹtẹ fún ilé-iṣẹ́ bébà Ìwopin tó wà létí ọ̀sà, lápá ìlà-oòrùn Ẹ̀pẹ́. Ilé-iṣẹ́ bébà náà kò rìn bí wọ́n ṣe rò, igi tí wọ́n torí rẹ̀ gbìn sì di ti onísọ́milì. Ẹ fi gmelina yìí sọ́kàn.

Káfíńtà agbègbè yìí sún mọ́ igi, ìyẹn dára. Àmọ́ igi tó sún mọ́ ọn, igi tútù ni. Igi tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ là, omi inú rẹ̀ lè wúwo tó ìdajì igi náà nígbà tó bá gbẹ, nígbà mìíràn ó máa ń jù bẹ́ẹ̀. Bí omi bá ṣe ń jáde ni pákó ń sún kì. Pákó tó fẹ̀ tó ínṣì 12 lè pàdánù bí ìdajì ínṣì kó tó gbẹ tán, kò sì ní sún kì bákan náà níbi gbogbo. Ohun tó ń mú un lọ́, tó ń mú un sán nìyẹn. Ní ìta gbangba Èkó, afẹ́fẹ́ tó lọ́rinrin kì í jẹ́ kó gbẹ kọjá ìwọ̀n kan. Gbé e wọ yàrá tí amúlétutù ti ń ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru ní Lẹ́kkí, yóò tún bẹ̀rẹ̀ gbígbẹ mìíràn. Ilẹ̀kùn tó bá férémù mu régé lóṣù kìíní, tó bá fi máa di oṣù kẹfà, iná pálọ̀ á ti máa gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ wọ yàrá.

Pákó tó nípọn tó ínṣì kan, tí wọ́n tò sábẹ́ ibòji, tí wọ́n fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ sáàárín rẹ̀ kí afẹ́fẹ́ lè rọ́nà kọjá, ń fẹ́ tó oṣù méjì sí mẹ́rin kó tó gbẹ dáadáa. Ti ínṣì méjì jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kò sí ọ̀gá káfíńtà tí kò mọ èyí. Ọmọ iṣẹ́ tó ti lo ọdún kan mọ̀ ọ́n. Kí ló wá dé tí wọ́n fi ń kan ilẹ̀kùn pẹ̀lú pákó tí omi rẹ̀ kò tíì kúrò lára?

Owó ló dé. Oníbàárà á wọlé, á fi fọ́tò bẹ́ẹ̀dì han ọ̀gá lórí fóònù, á san èyí tó pọ̀ jù nínú owó sílẹ̀, á sì ní òun fẹ́ gbà á lọ́sẹ̀ mẹ́ta. Owó àsansílẹ̀ yẹn ni ọ̀gá ń gbé lọ sí ọjà pákó, ohun tó bá sì bá lọ́jà lọ́jọ́ náà ni yóò rà. Kò ní pákó kankan nílẹ̀ tẹ́lẹ̀, nítorí owó àsansílẹ̀ ti oníbàárà tó ṣáájú ti bá iṣẹ́ ẹni náà lọ, díẹ̀ tó kù sì ti di owó ilé-ìwé ọmọ. Báyìí ni ẹni tó ń pe ara rẹ̀ ní ọ̀gá ṣe di ẹni tí oníbàárà ń ka ọjọ́ fún. Lójú tèmi, èyí ń pa ilé-iṣẹ́ pákó kéékèèké ju àìsí iná lọ. Jẹnẹrétọ̀ lè báni la pákó, kò lè báni dúró de oṣù mẹ́ta.

Ẹni tí ilẹ̀kùn rẹ̀ sán kì í bínú sí omi, igi ló ń bínú sí. Nígbà tó bá tún fẹ́ ra òmíràn, ilẹ̀kùn HDF, èyí tí wọ́n fi igi lílọ̀ tẹ̀ pọ̀ ṣe, ló máa béèrè. Ìjọba kò ṣàì gbìyànjú láti gba oníṣẹ́ ọwọ́ sílẹ̀: àga òkèèrè ti wà tipẹ́ lára ohun tí Kọ́sítọ́ọ̀mù kò gbọdọ̀ jẹ́ kó wọlé, nígbà tó sì di ọdún 2015, Báńkì Àpapọ̀ kó pátákó, plywood àti ilẹ̀kùn onígi mọ́ ohun 41 tí wọn kò ní fún ẹnikẹ́ni ní dọ́là láti rà. Títí kan igi tí a fi ń tayín! Wọ́n gbé òfin dọ́là yẹn kúrò ní oṣù kẹwàá ọdún 2023. Ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, HDF kò tán lọ́jà. Òfin lè ti ibodè, kò lè mú pákó gbẹ.

Ọgbọ́n wo ló wá kù fún ẹni tí owó rẹ̀ kéré? Àkọ́kọ́ ni kó yan ohun tí yóò máa ṣe. Ṣọ́ọ̀bù tó ń kan bẹ́ẹ̀dì lónìí, tó ń kan kábíńẹ́ẹ̀tì lọ́la, tó ń kan pósí lọ́túnla, kò lè mọ pákó tí yóò rà sílẹ̀. Ẹni tó fara mọ́ ilẹ̀kùn nìkan, tàbí àga ilé-ìwé nìkan, mọ ìwọ̀n tí yóò lò lọ́dún tó ń bọ̀, ó sì lè máa fi díẹ̀díẹ̀ rà á kó tó nílò rẹ̀. Ẹ̀rù máa ń ba àwọn ọ̀gá láti lé iṣẹ́ padà, mo mọ̀. Iṣẹ́ tí wọn kò lé padà gan-an ni kò jẹ́ kí pákó wọn gbẹ.

Ọ̀nà kejì ni mo fẹ́ràn jù, nítorí kò béèrè owó tuntun. Kì í ṣe gbogbo iṣẹ́ ni pákó tútù ń bà jẹ́. Àwọn tó ń da kọnkéré nílò pákó tí wọn yóò fi dè é títí yóò fi le, kò sì sí ohun tó kàn wọ́n bó gbẹ bí kò gbẹ. Láti Ìbẹ́jú-Lẹ́kkí, níbi tí èbúté ọkọ̀ òkun tuntun àti ilé ìfọpo Dangote wà, títí dé ìlú tuntun Alaro City ní Ẹ̀pẹ́, ilé kíkọ́ kò dáwọ́ dúró. Kí káfíńtà ta pákó tútù fún wọn, kí èrè rẹ̀ máa ra pákó tí yóò tò sábẹ́ ibòji. Pákó tútù á wá máa bọ́ pákó gbígbẹ.

Gmelina tí mo ní kí ẹ fi sọ́kàn wúlò níbí. Kì í sún kì púpọ̀, ó rọrùn láti rẹ́, gbígbìn ni wọ́n sì ń gbìn ín, kò dà bí ìrókò, àpá àti ọ̀gànwó tó ń wọ́n sí i lọ́dọọdún. Àwọ̀ rẹ̀ tó funfun ni àwọn ènìyàn fi ń fojú tín-ín-rín rẹ̀. Kíkùn ni ìyẹn ń fẹ́.

Ibi tí agbára ẹnì kan kò bá ká, kí márùn-ún para pọ̀. Àwa tí a mọ bí a ṣe ń dá èsúsú fún aṣọ ẹbí, kí ló ní ká má dá a fún ọkọ̀ pákó kan? Ní Jepara, ìlú àwọn oníṣẹ́ àga ní erékùṣù Java ní Indonéṣíà, àwọn ṣọ́ọ̀bù kéékèèké ń ta iṣẹ́ tí wọn kò tíì parí fún àwọn olówó, àwọn olówó yìí ló ń parí rẹ̀, tí wọ́n ń kó o lọ tà sókè òkun, tí wọ́n sì ń jẹ èrè rẹ̀. Nígbà tó yá, àwọn kéékèèké dá ẹgbẹ́ tiwọn sílẹ̀ láti máa wá ọjà fúnra wọn. Bí a bá dá irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ níbí, ó lè béèrè fún ilé kan ní Àgbọ̀wá tí wọn yóò ti máa fi ooru mú pákó gbẹ, tí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ yóò jọ máa sanwó lò. Ohun tí yóò máa mú un gbóná kò wọ́n: èékù pákó àti lẹ́búlẹ́bú igi tí wọ́n ń dáná sun létí ọ̀sà tó o, kódà lẹ́yìn tí àwọn tó ń yan ẹja bá ti ra tiwọn.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́lé náà ní iṣẹ́ láti ṣe. Ẹ má dúró dìgbà tí ẹ bá ti kun ilé tán kí ẹ tó pe káfíńtà. Nígbà tí ẹ bá ń kan òrùlé ni kí ẹ san owó àsansílẹ̀ ilẹ̀kùn, kí ẹ sì lọ fojú yín rí pákó náà níbi tí wọ́n tò ó sí.