Kí Ni À Ń Kà Nígbà Tá A Bá Ń Ka Ìlà?

Olùkọ́ tó bá fẹ́ fi Yorùbá kọ́ àwọn ọ̀dọ́ Ìṣẹ̀rí-Olófin ní kóòdù kò ní rìn jìnnà kó tó kọsẹ̀. Ẹ jẹ́ kó sọ pé: "Ẹ ka ìlà inú fáìlì yìí." Kà la fi ń ka ìwé, kà náà la fi ń ka owó. Bẹ́ẹ̀, bí a bá fẹ́ kí iṣẹ́ yìí yá, èkejì nìkan la fẹ́ kí kọ̀ǹpútà ṣe.

Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ máa ń kó gbogbo fáìlì sínú mẹ́mórì, á gé e ní ìlà-ìlà, á wá ka iye wọn. Fáìlì ńlá lè gba gbogbo mẹ́mórì láptọ́ọ̀pù tán níbẹ̀. Àṣẹ wc, tó ti wà nínú Unix láti 1971, gbọ́n jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó ń gba fáìlì wọlé ní ìpín-ìpín, ó ń wá báìtì kan péré, ìyẹn 10, tó fi ibi tí ìlà parí sí hàn. Ìgbàkigbà tó bá rí i, á fi ẹyọ kan kún iye. Ìpín mìíràn á wá rọ́pò èyí tó tán. Bí kọ̀ńdọ́kítọ̀ dánfó Ìkọ̀tún ṣe ń ka orí èrò nìyẹn, kì í béèrè orúkọ. Nítorí náà, "ka iye ìlà" ni mo fara mọ́ fún iṣẹ́ yìí.

Báìtì 10 yẹn ńkọ́? Ọ̀pọ̀ yóò pè é ní "ìlà tuntun", bí Gẹ̀ẹ́sì ṣe pè é. Mi ò gbà. "Òpin-ìlà" ló yẹ ẹ́. Ẹ kọ Adé, Òjó àti Àjàyí sórí ìlà mẹ́ta, kẹ́ ẹ má sì tẹ Enter lẹ́yìn Àjàyí: wc lè sọ pé ìlà méjì ló wà. Lójú ìlànà POSIX, ìlà kò tíì pé bí àmì òpin rẹ̀ kò bá sí. Ọmọ tí a kọ́ ní "ìlà tuntun" á ní wc ṣìṣe. Èyí tó mọ "òpin-ìlà" á mọ ohun tó ṣẹlẹ̀.

Ọ̀rọ̀ tiwa gan-an wá ńkọ́, pẹ̀lú gbogbo àmì rẹ̀? Nínú UTF-8, ìlànà tó ń sọ lẹ́tà di báìtì, báìtì mẹ́ta ni ọ nìkan. Àmì òkè lórí rẹ̀ tún lè gba méjì. Ẹni tó ń ka iye lẹ́tà ní láti ṣọ́ra gidigidi. Ṣùgbọ́n nígbà tí Ken Thompson àti Rob Pike ṣètò UTF-8 ní 1992, wọ́n rí i dájú pé báìtì èyíkéyìí nínú lẹ́tà tó gba ju báìtì kan lọ kò ní kéré sí 128. 10 kò lè fara pamọ́ sínú ọ́ láéláé. Ẹni tó ń kó ọ̀rọ̀ Yorùbá jọ sínú fáìlì kò nídìí láti bọ́ àmì ohùn kúrò lára rẹ̀ kí iye ìlà tó lè pé.