Ọkọ̀ Kékeré Tí A Fi Ẹ̀gún Gbẹ́

Ìwàré kò sí létí òkun, kò sì sí létí ọ̀sà. Síbẹ̀, ọmọ Ìwàré lè gbẹ́ ọkọ̀ ojú omi. Justus Akérédolú, ọmọ Ọ̀wọ̀, ni ó fi ọ̀nà rẹ̀ hàn wá.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1930 ni ó bẹ̀rẹ̀ sí fi ọ̀bẹ gbẹ́ ẹ̀gún ńlá tí ń hù lára igi bí i pónpólá. Àwọ̀ ẹ̀gún kò dọ́gba: òmíràn funfun díẹ̀, òmíràn pọ́n, òmíràn ṣú. Nítorí náà kò sí pé à ń fi ọ̀dà kùn ún.

Bí apẹja bá fẹ́ ọkọ̀, odidi igi kan ni yóò gbẹ́ inú rẹ̀ jáde. Ẹ̀gún kò tóbi tó bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, a ń gbẹ́ ọkọ̀ lọ́tọ̀, atukọ̀ lọ́tọ̀, àjẹ̀ lọ́tọ̀, kí a tó lẹ̀ wọ́n pọ̀. Àwọn mìíràn kọ́ iṣẹ́ yìí, àwọn àlejò láti òkè òkun sì ń rà á lọ sílé. Báyìí ni ìgbé ayé wa, ti agúnyán, ti adẹ́mu àti ti atukọ̀, ṣe wà nínú ẹ̀gún títí di òní.

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ kọ́kọ́ wo ọkọ̀ dáadáa kí ẹ tó mú ọ̀bẹ. Ẹni tí kò mọ ibi tí atukọ̀ ń jókòó sí, kò lè gbẹ́ ẹ.