Aṣọ Ilé-Ẹ̀kọ́ àti Ọmọbìnrin ní Ilẹ̀ Yorùbá

Ní oṣù kẹfà ọdún 1859 ni àwọn oníwàásù ìjọ C.M.S. ṣí ilé-ẹ̀kọ́ gíràmà wọn ní Èkó fún àwọn ọmọkùnrin. Ọdún 10 kọjá kí wọ́n tó ṣí ti àwọn ọmọbìnrin, ní 1869. Ìjọba pàápàá kò yára jù wọ́n lọ. Ó dá King's College sílẹ̀ ní 1909, ó sì di 1927 kí ó tó dá Queen's College sílẹ̀, lẹ́yìn tí àwọn obìnrin Èkó, bí Oyinkán Abáyọ̀mí, ti kígbe títí tí wọ́n sì ti dá owó jọ. Nínú ọ̀ràn ìwé, ẹ̀yìn ni wọ́n fi ọmọbìnrin sí. Nínú ọ̀ràn aṣọ nìkan ni wọn kò gbàgbé rẹ̀.

Nígbà tí David Hinderer àti Anna aya rẹ̀ tẹ̀dó sí Kúdẹtì ní Ìbàdàn ní 1853, ọmọ ìjòyè 2, Yéjídé àti Akínyẹlé, wà lára àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ gbà sọ́dọ̀. Ní ayé ìgbà náà, ọmọdé a máa rìn ní ìhòòhò títí yóò fi gbọ́njú díẹ̀. Ọmọbìnrin tí ó bá ti ń bàlágà a ró ìró, tòbí a sì wà lábẹ́ rẹ̀. Irun dídì ni ohun ọ̀ṣọ́ tí kò gbọdọ̀ wọ́n ọn. Ẹnikẹ́ni kò rí àbùkù nínú èyí. Ṣùgbọ́n bí a ti ń ṣe ní ilé wa, èèwọ̀ ibòmíràn ni, ìhòòhò sì ni gbogbo rẹ̀ lójú àwọn oníwàásù. Aṣọ di àmì ìgbàgbọ́, iṣẹ́ abẹ́rẹ́ sì di ẹ̀kọ́ pàtàkì fún ọmọbìnrin, tí ó fi jẹ́ pé ọwọ́ ara rẹ̀ ni ó fi ń rán ẹ̀wù tí wọ́n ní kí ó máa wọ̀.

Ní 1894, Mojọlá Agbébí kọ orúkọ David Brown Vincent tí wọ́n sọ ọ́ sílẹ̀, ó sì pa ẹ̀wù òyìnbó tì. Wọ́n yìn ín fún un, ó sì yẹ kí wọ́n yìn ín. Àgbàlagbà ni, ọkùnrin sì ni. Ó lè yàn. Ọmọbìnrin tí ó wà nínú ilé-ẹ̀kọ́ kò ní irú àyè bẹ́ẹ̀, nítorí náà gáùn kò kúrò lọ́rùn rẹ̀.

Ewu mìíràn ni àwọn Mùsùlùmí rí. Ilé-ẹ̀kọ́ kò pọ̀, ti ìjọ Kírísítì ni púpọ̀ nínú wọn, ọmọ tí ó bá sì wọ ibẹ̀ lè fi orúkọ titun àti ẹ̀sìn titun jáde. Ìdí nìyí tí ẹgbẹ́ Ansar-Ud-Deen, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Èkó ní 1923, fi bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ ilé-ẹ̀kọ́ tirẹ̀. Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ dé sí Ìwọ̀-Oòrùn ní 1955, àwọn ọmọ ya wọ kíláàsì bí omi. Ní 1975 ìjọba gba àwọn ilé-ẹ̀kọ́ lọ́wọ́ àwọn ìjọ. Ibi tí ọ̀ràn ti wọ́ gan-an nìyí. Onílé yí padà, ṣùgbọ́n òfin ilé kò yí padà; èyí tí ìjọ kan ṣe fún àwọn ọmọ tirẹ̀ di òfin ìjọba fún ọmọ gbogbo ènìyàn.

Ní 2013, ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Mùsùlùmí àti ọmọbìnrin 2, tí ọjọ́ orí wọn jẹ́ ọdún 12, pe ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó lẹ́jọ́ nítorí híjáàbù tí wọ́n kà léèwọ̀ ní ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba. Ní ọjọ́ 17 oṣù kẹwàá 2014, Ilé-ẹjọ́ Gíga ní Ìkẹjà dá ìjọba láre. Ní ọjọ́ 21 oṣù keje 2016, Ilé-ẹjọ́ Kòtẹ́milọ́rùn yí ìdájọ́ náà padà. Ìjọba gbé e lọ sí Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ, adájọ́ 5 nínú 7 sì dá àwọn ọmọ náà láre ní ọjọ́ 17 oṣù kẹfà 2022. Orí ẹ̀tọ́ ẹ̀sìn, tí ó wà ní abala 38 òfin orílẹ̀-èdè ti 1999, ni ìdájọ́ náà dúró lé.

Ní Ọ̀ṣun, ilé-ẹjọ́ ti fọwọ́ sí híjáàbù ní oṣù kẹfà 2016. Láìpẹ́, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Kírísítẹ́nì kan ní Ìwó gbé aṣọ akọrin wọ̀ wá sí kíláàsì. Ó pa ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́rìn-ín nígbà náà. Ní 2021, ìjọba Kwara ti ilé-ẹ̀kọ́ 10 pa ní Ìlọrin, àwọn àgbàlagbà sì ń sọ òkúta lu ara wọn lẹ́nu ọ̀nà ilé-ẹ̀kọ́. Ní oṣù kejì 2022, ẹnì kan kú ní Ìjagbo. Ẹ̀rín ti parí.

Ohun tí àwọn ìdájọ́ wọ̀nyí kò kàn ni abẹ irun àti gígùn yẹ̀rì. Ní ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ gíràmà, ọmọbìnrin gbọ́dọ̀ gé irun rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ní àwọn mìíràn, èyí tí wọ́n bá yàn ni yóò dì, ìbáà ṣe ṣùkú tàbí ìpàkọ́-ẹlẹ́dẹ̀. Èyí ìkejì sàn, owó onídìrí nìkan ni ó ń dun òbí. Ṣùgbọ́n ní ọ̀pọ̀ ibi ní ilẹ̀ Yorùbá, opó tí ó ń ṣọ̀fọ̀ ọkọ ni wọ́n ń fá orí fún, kì í ṣe ọmọ tí ó ń lọ kàwé. Ní ti yẹ̀rì, wọ́n a ní kí ọmọ kúnlẹ̀, kí wọ́n lè wò ó bóyá etí rẹ̀ kan ilẹ̀. Lóòótọ́, wọ́n a máa jẹ ọmọkùnrin náà níyà nítorí ṣòkòtò ẹlẹ́nu híhá. Ìdí tí wọ́n ń sọ ni kò dọ́gba. Aláìgbọràn ni wọ́n pe ọmọkùnrin, ẹ̀ṣẹ̀ ara rẹ̀ ni ó sì ń jẹ. Ọmọbìnrin ni wọ́n ń sọ fún pé ó ń fa ojú àwọn ọkùnrin, títí kan ti olùkọ́. Ẹ̀ṣẹ̀ ojú ẹlòmíràn ni wọ́n dì rù ú.

Ọdún 9 ni ẹjọ́ ti Èkó gbà kí ó tó parí. Ní ọjọ́ tí ìdájọ́ ìkẹyìn jáde, àwọn ọmọ ọdún 12 wọ̀nyẹn ti kọjá ẹni tí í wọ aṣọ ilé-ẹ̀kọ́ gíràmà.