Ẹ̀rọ Tí Ń Bí Ẹ̀rọ: Láti Iléru Ọ̀yọ́ dé Òkú Ẹ́ńjìnnì

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní alágbẹ̀dẹ tó ń lu irin lójú kan, ó ní ohun tó fẹ́ fà yọ níbẹ̀. Ní Mpape, ní Bwari, ní agbègbè Àbújá, òkúta fífọ́ ni iṣẹ́ tí a fi mọ ìlú náà. Lẹ́yìn tí òfin ọdún 1976 ti sọ Àbújá di ibi tí olú-ìlú tuntun yóò wà, òkè ibẹ̀ wà lára ibi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta tí wọ́n fi kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n bí òkúta ti ń fọ́, bẹ́ẹ̀ ni irin tí ń fọ́ ọ ń jẹ. Ẹ́ńjìnnì a kú, ọ̀pá ẹ̀rọ a sì tẹ́ẹ́rẹ́. Wẹ́dà lè jó irin tó kán pọ̀. Ṣùgbọ́n kí ọ̀pá tó jẹ tó tún rí roboto, ó di ọ̀dọ̀ ẹni tó ní léèdì, ẹ̀rọ tí ń yí irin bí ọ̀bẹ ti ń fá a. Ẹni tí kò ní i yóò máa dúró de ẹlòmíràn.

Yorùbá kò fi ìgbà gbogbo dúró de irin ẹlòmíràn. Ní ọdún 1904, òyìnbó kan tí ń jẹ́ Bellamy ṣe àkọsílẹ̀ nípa abúlé Ola-Igbi nítòsí Ọ̀yọ́, níbi tí wọ́n ti ń yọ́ irin láti inú òkúta nínú iléru alámọ̀. Nígbà tí irin òkèèrè gba ọjà, iná iléru kú. Iná ilé arọ kò kú. Àjákù ọkọ̀ ni alágbẹ̀dẹ yíjú sí: sípíríǹgì lọ́rì di àdá, ó di ọkọ́. Ní Ṣakí, wọ́n ń yọ́ àjákù alumíníọ́mù, wọ́n ń dà á sínú iyanrìn tí wọ́n ti tẹ àwòrán ìkòkò sí, ó sì ń di ìkòkò ọbẹ̀.

Ohun tó wà láàrin ìkòkò àti ẹ̀rọ ni ìwọ̀n. Bí ìkòkò bá wọ́ díẹ̀, ọbẹ̀ yóò jinná. Bí ọ̀pá ẹ̀rọ bá wọ́ díẹ̀, bẹ́rínǹgì yóò jóná. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní nǹkan bí ọdún 1800, Henry Maudslay ṣe léèdì tí ń la ojú bóòtì lọ́gbọọgba. Ṣáájú ìgbà náà, nọ́ọ̀tì kan kì í sábà wọ bóòtì ẹlòmíràn. Léèdì sì ní ẹ̀bùn kan: ó lè gé púpọ̀ nínú ẹ̀yà ara léèdì mìíràn.

Báwo wá ni ẹni tí kò ní ti àkọ́kọ́ yóò ṣe rí i? Ní Amẹ́ríkà, láti nǹkan bí ọdún 1980, David Gingery tẹ àwọn ìwé tó fi hàn bí a ti lè fi èédú yọ́ àjákù alumíníọ́mù, kí a dà á sínú iyanrìn, kí a fi ọwọ́ fá ojú rẹ̀ títí yóò fi tẹ́, kí ó sì di léèdì. Èédú àti iyanrìn kò ṣàjèjì ní Ṣakí. Lẹ́yìn náà, Pat Delany ará Texas de bulọ́ọ̀kù ẹ́ńjìnnì méjì pọ̀, ó fi wọ́n ṣe ara ẹ̀rọ. Ọgbọ́n ibẹ̀ ni pé àwọn tó ṣe ẹ́ńjìnnì ti gbẹ́ ihò písítìnì rẹ̀ ní roboto, ó sì dúró ṣánṣán sí ojú bulọ́ọ̀kù. Bí ẹ́ńjìnnì bá tilẹ̀ nọ́ọ̀kì, ìwọ̀n yẹn kì í bá a kú tán.

Ní ọdún 1980, yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ tó wà ní Kumasi, ní Gánà, ṣí ilé-iṣẹ́ kan sí Suame Magazine, láàrin àwọn mẹkáníìkì. Wọ́n kọ́ wọn ní iṣẹ́ léèdì, wọ́n sì kó ẹ̀rọ àlòkù wọlé fún wọn láti rà. Ọdún náà ni a dá Nigeria Machine Tools sílẹ̀ ní Òṣogbo, pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ Íńdíà. Ti Gánà gba ọ̀dọ̀ oníṣẹ́ ọwọ́ wọlé. Tiwa gba ọ̀dọ̀ ìjọba.

Nígbà tí ètò ẹ̀kọ́ 6-3-3-4 bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1982, ìjọba ra ẹ̀rọ fún àwọn ilé-ẹ̀kọ́. Púpọ̀ nínú wọn kò jáde nínú àpótí, nítorí iná mànàmáná kò sí, olùkọ́ kò sì tó. Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ kò fara sin. Òkú ẹ́ńjìnnì kò wọ́n ní Mpape, kò wọ́n ní ìlú kankan nílẹ̀ wa. Olùkọ́ tó bá gbé bulọ́ọ̀kù kan síwájú kíláàsì, tó ní kí àwọn ọmọ wọn ihò rẹ̀ kí wọ́n sì sọ bí ó ti tọ́ tó, ti fi ìpìlẹ̀ iṣẹ́ ẹ̀rọ lé wọn lọ́wọ́.