Gorongosa Lẹ́yìn Ogun: Bí Ẹ̀dá Ṣe Ń Dáhùn Nígbà Tí Ibùgbé Rẹ̀ Bá Yí Padà

Ọgbà Ẹranko Gorongosa wà ní àárín gbùngbùn orílẹ̀-èdè Mòsáḿbíìkì. Ìjọba àwọn Potogí ló sọ ọ́ di ọgbà ìjọba ní 1960. Ṣáájú ogun abẹ́lé tó jà láti 1977 sí 1992, erin inú rẹ̀ lé ní 2,500. Àwọn jagunjagun ìhà méjèèjì ń jẹ ẹran erin, wọ́n sì ń ta eyín rẹ̀ láti fi náwó ogun. Ó lé ní ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá àwọn àjànàkú wọ̀nyí tó run. Ẹfọ̀n àti erinmi fẹ́rẹ̀ẹ́ tán pátápátá, ẹkùn àti ajá igbó sì di àwátì.

Àwọn ẹ̀dá tó ṣẹ́ kù dáhùn sí àdánù yìí, ṣùgbọ́n ìdáhùn wọn kò jinlẹ̀ bákan náà. Ibẹ̀ gan-an ni ẹ̀kọ́ Gorongosa wà lójú tèmi.

Ìwà ìgalà ló rọrùn jù lọ láti yí padà. Àwọn ọdẹ wa mọ̀ ọ́n sí ẹran tó ń lúgọ sábẹ́ igbó. Nígbà tí kò sí ẹkùn mọ́, ìgalà Gorongosa jáde sí ọ̀dàn gbalasa, ibi tí oúnjẹ aṣaralóore ti pọ̀. Olùwádìí Justine Atkins àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dán an wò, wọ́n sì gbé àbájáde rẹ̀ jáde ní 2019: wọ́n fi ẹ̀rọ gbé igbe ẹkùn sáfẹ́fẹ́, wọ́n fi òórùn ẹran apẹran síbẹ̀. Ìgalà tún sún mọ́ abẹ́ igi. Ìbẹ̀rù ẹkùn ṣì wà lára wọn láìsí ẹkùn.

Ti ewéko yàtọ̀. Mimosa pigra, igi ẹlẹ́gùn-ún tó jẹ́ ìbátan patanmọ́, gba ilẹ̀ àkúnya tó yí Adágún Urema ká nígbà tí àwọn ẹran ajewéko ti tán. Nígbà tí ẹran tún pọ̀, wọ́n jẹ ẹ́ padà. Àmọ́ kì í ṣe ẹfọ̀n àti erinmi àtijọ́ ló ń ṣe iṣẹ́ náà. Waterbuck, ẹran oníwo tó fẹ́ràn etí omi, ti lé ní 50,000 ní 2018, ó pọ̀ ju ti ìgbà tí ogun kò tíì dé lọ fíìfíì. Ilẹ̀ àkúnya náà padà, ṣùgbọ́n ọwọ́ ẹlòmíràn ló bọ́ sí. Mi ò rò pé ó tọ́ kí a máa pe èyí ní ìmúpadàbọ̀sípò.

Erin ló jìyà tó wọnú ẹ̀jẹ̀. Ṣáájú ogun, nǹkan bí 18.5 nínú 100 abo erin ni kò ní eyín gbọọrọ tó ń yọ síta lẹ́nu. Lára àwọn tó la ogun já, wọ́n tó 51 nínú 100. Erin kankan kò pinnu pé òun kò ní hu eyín. Àwọn jagunjagun ló pa eléyín, tí wọ́n dá aláìléyín sí nítorí pé kò sí èrè lára rẹ̀. Iṣẹ́ ìwádìí tí Shane Campbell-Staton ṣáájú rẹ̀ ní 2021 wá fi hàn pé orí krómósómù X ni àyípadà àjogúnbá tó ń fa àìléyín náà wà. Abo ní X méjì, ìkejì sì ń gbà á là. Akọ ní ẹyọ kan péré, ẹ̀rí sì tọ́ka sí i pé inú oyún ni akọ tó bá jogún rẹ̀ ti ń kú. Ìdí nìyí tí nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta ọmọ àwọn ìyá aláìléyín fi jẹ́ abo.

Nítorí náà, ẹni tó bá ka orí erin nìkan kò tíì ka àdánù náà tán. Eyín yìí ni erin fi ń bó èèpo igi, òun ló fi ń walẹ̀ wá omi lásìkò ọ̀dá, òun náà ló sì fi ń jà. Ìdá kan nínú mẹ́ta àwọn abo tí wọ́n bí lẹ́yìn ogun ni kò ní in. Oyún erin tó oṣù 22, abo sì máa ń tó nǹkan bí ọdún 12 kó tó bímọ àkọ́kọ́. Kódà bí ẹnikẹ́ni kò bá yìnbọn fún erin Gorongosa mọ́ láéláé, ọ̀pọ̀ ẹ̀wádún ló máa gbà kí iye eléyín tó padà sí ti ṣáájú 1977.